Àwo Òkú Tí Ìrètí Fi Ránṣẹ́ Sílé

Ilé Olùkọ́ Ayọ̀délé,
Òkè-Àgbọn, ọ̀nà Pọ́bẹ̀.

Ìrètí ọmọ mi, Àjọkẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé omi ti fà nínú yàrá tí o háyà sí Agblangandan, àbí orí bẹ́ẹ̀dì ni o ṣì ti ń dáná? Ṣé o ń jẹun gidi, àbí búrẹ́dì àti kọfí náà ni o ṣì ń pè ní oúnjẹ? Ọlọ́run tó mú Nóà àti gbogbo ẹranko rẹ̀ la ìkún omi já kò ní jẹ́ kí omi Kútọnu gbé ọmọ mi lọ. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní yọ̀. Ọ̀gá rẹ ní bíró kò ní rí ọ fín. Ẹni tó bá ń wá ìṣubú rẹ, ọ̀kadà zẹ́mijàn tó gùn á kú sáàárín ọ̀nà Ekpè nínú òjò, kò sì ní rí ẹni bá a tì í. Àmín ni kí o wí, má kàn fojú kà á kọjá, nítorí mo mọ̀ ọ́.

Èmi náà wà. Orúnkún ọ̀tún ń yọ mí lẹ́nu, ti òsì ń bá a kẹ́dùn. Lẹ́tà ni mo kọ nítorí pé bí mo bá pè ọ́ lórí pọ́táàbù, kí n tó kí ọ tán, kí n tó kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé ilé, kí n tó bi ọ́ bóyá inú rẹ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, o ti ní ìpàdé ń dúró dè ọ́, pé o máa pè mí padà, èmi á wá jókòó ti pọ́táàbù náà bí ẹni tó jókòó ti adìyẹ tó ń sàba, kò sì ní pa nǹkan kan. Lẹ́tà ò ní bọ́tìnì tí o lè fi pa mí lẹ́nu mọ́. Jókòó kí o gbọ́.

Nílé ńkọ́, a dúpẹ́. Ewúrẹ́ tí o fún lórúkọ Faransé ti bímọ, àwọn ọmọ rẹ̀ ò gbọ́ Faransé. Àwọn ará ìjọba wá sí ilé ẹ̀kọ́ láti ṣe káàdì tuntun fún wa, wọ́n ní kí n gbé gbogbo ìka mi lé ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan, mo ní ti ọwọ́ òsì ni mo lè fún wọn, pé ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi ń jẹun, n kò lè fi àmì rẹ̀ sílẹ̀ sínú ẹ̀rọ tí n kò mọ ibi tó ń sùn. Ọmọkùnrin tó ń ṣe é bẹ̀ mí títí, ó dọ̀bálẹ̀, mo wá fún un ní ìka kékeré kan ní ọ̀tún, torí ó jọ ọmọ ilé ire. Ṣàkírátù ọlọ́ṣẹ, aládùúgbò wa, ti ń tọ́jú owó rẹ̀ sínú pọ́táàbù báyìí. Mo ní kó ṣọ́ra o, pé bí pọ́táàbù bá já bọ́ sínú kànga, ṣé àwọn owó náà mọ̀wẹ̀ ni? Ó ń fi mí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé kì í gbé e lọ sí ẹ̀bá kànga mọ́.

Ó tó gẹ́ẹ́. Ọ̀rọ̀ páálí tí o fi ránṣẹ́ ló gbé mi dé ìdí bíìkì ìkọ̀wé yìí.

Páálí náà dé láyọ̀. Adélékan, awakọ̀ tó máa ń kó èrò láti ẹ̀bá ọjà Missèbo wá sí ọ̀dọ̀ wa, ló fúnra rẹ̀ gbé e wọlé, ó ní o fi orúkọ Jésù bẹ òun pé kí òun má gbé ẹrù kankan lé e lórí, pé òun sì gbé e sórí ìjókòó iwájú bí ìyàwó, pé bàbá kan tó fẹ́ jókòó síbẹ̀ bínú títí ó fi sọ̀kalẹ̀. Kó tó dé ni o ti pè mí. O ní omi ti wọ yàrá rẹ dé ìdí bẹ́ẹ̀dì, pé àwọn àwo orin rẹ ni o fẹ́ sá pamọ́ sílé títí òjò á fi lọ. O ní kí n má ṣí i. O ní kí n gbé e nàró, kí n má tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí ẹni tó sùn. O ní kí oòrùn má kàn án, kí omi má kàn án, pé wọ́n wọ́n gan-an, pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n ṣe ní gbogbo ayé, pé olúkúlùkù ló ní nọ́mbà tirẹ̀, àti pé kò sí irú wọn mọ́. Mo ní mo ti gbọ́. Mo gbọ́ lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n Ìrètí, ìwọ náà rò ó. O ní kí omi má kàn án. Báwo ni màá ṣe mọ̀ bóyá omi ti kàn án láti ọ̀dọ̀ rẹ bí n kò bá ṣí i? Ìyá tó bá ń tọ́jú nǹkan ọmọ rẹ̀, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò ni. Mo mú ọ̀bẹ, mo ṣí i.

Háà! Àkọ́kọ́ tí mo fà yọ, ibojì ni wọ́n yà sí iwájú rẹ̀, ilẹ̀ ti là, àwọn òkú ń yọ ọwọ́ jáde bí ẹni tó fẹ́ dá ọkọ̀ dúró. Ìkejì, egungun ènìyàn lásán ni wọ́n jókòó yí tábìlì ká, wọ́n ń jẹun, n kò sì rí ibi tí oúnjẹ náà ń gbà lọ. Ìkẹta, àlùfáà kan tí kò ní ẹran lójú mọ́ ń bùkún àwọn pósí. Orúkọ tí wọ́n kọ sókè orí gbogbo wọn, ìyẹn kò ṣeé kà, ó lọ́ mọ́ra bíi gbòǹgbò gbágùúdá tí wọ́n wú kò tán. Ṣàkírátù tó wá bá mi wò ó pe Ọlọ́run ní èdè Lárúbáwá, ó gbé bàtà rẹ̀ lọ́wọ́, ẹnu ọ̀nà wa tí kì í gba òun àti agbọ̀n ọṣẹ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó gbà wọ́n lọ́jọ́ náà.

Èmi ò sá. Mo bi ara mi pé, Ọlábísí, ṣé ọmọ tí o fi ọmú rẹ bọ́ ló máa fi nǹkan burúkú ránṣẹ́ sí ọ? Mo jókòó. Mo wo nọ́mbà tí wọ́n fi ọwọ́ kọ sí ẹ̀yìn ọ̀kan, igba ó lé méjìlá nínú ọ̀ọ́dúnrún. Ìgbà náà ni mo rántí ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ nígbà Àjíǹde, nígbà tí mo bi ọ́ pé kí ni o ń fi owó oṣù rẹ ṣe. O ní nǹkan kan wà tí àwọn kan ti ṣe láti ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún, wọ́n ṣe é nínú òṣì nígbà náà, owó kò sí lọ́wọ́ wọn, ohùn rẹ̀ kò já geere, ènìyàn díẹ̀ ló sì mọ̀ sí i. O ní wọ́n ti wá ń tún un ṣe báyìí, wọ́n ń ṣe é dáadáa, èyí tó nípọn, tó wúwo, tó ní àwọ̀ oríṣiríṣi, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti gbogbo ayé, pé wọ́n ní ìgbà tí wọ́n ń ṣílẹ̀kùn, ẹni tí kò bá tètè dé, ó di pé kó máa wo ẹlòmíràn, àti pé nítorí rẹ̀ ni o ṣe ń tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà bí ológbò tó ń ṣọ́ ihò eku. Nígbà náà n kò mọ ohun tí o ń wí, mo kàn ń ṣe hẹn, hẹn.

Ìrètí, mo la ọwọ́ mọ́ orí. Mo ní, ṣíṣe òkú lẹ́ẹ̀kejì ni! Àwọn òyìnbó náà ń ṣe é! Ṣé bí tiwa náà kọ́ nìyẹn? Bí ènìyàn bá kú lásìkò tí ọwọ́ dí, tí àwọn ọmọ kàn fi ìkánjú gbé e sílẹ̀, tó bá yá, tí ọwọ́ wọn tó ẹnu, wọn á tún padà pe ẹbí jọ, wọn á pa ẹran, wọn á pe fàǹfáà tó ń fun fèrè idẹ, wọn á ṣe òkú náà bó ṣe yẹ, kí ojú má baà ti òkú lọ́hùn-ún. Ohun tí wọ́n fi òṣì ṣe lọ́gbọ̀n ọdún sẹ́yìn tí wọ́n wá ń fi ọlá tún ṣe, kí ni ìbá tún jẹ́? Wọ́n sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ fún un, ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn, ìwọ sì ni igba ó lé méjìlá. Mo ní ọmọ mi ti di ẹni ńlá nínú ẹgbẹ́ ìsìnkú àwọn òyìnbó, kò sì sọ fún mi, ìtẹríba rẹ̀ ló pọ̀.

Nígbà náà ni omi bọ́ lójú mi. Ìwọ náà mọ ìdí rẹ̀. Ìwọ náà mọ bí a ṣe sin bàbá rẹ lọ́dún kòrónà. Olùkọ́ tó kọ́ gbogbo Òkè-Àgbọn níwèé, àwọn ọlọ́pàá jàǹdámù ní kí èrò má pọ̀, akọrin kò sí, fèrè kò sí, àwọn tó gbé pósí wọn fi aṣọ bo ẹnu, wọ́n ń ṣe kíákíá bí ẹni tó jí nǹkan gbé. Wọ́n ti dí ọ̀nà Kútọnu mọ́ ọ, inú pọ́táàbù tí Adélékan nà sókè lẹ́bàá ibojì ni o ti gbọ́ bí iyẹ̀pẹ̀ ṣe ń bọ́ lé bàbá rẹ lórí. O ní kí n má sunkún, pé bí gbogbo rẹ̀ bá ti rọlẹ̀, o máa wálé, a ó tún un ṣe. Ó rọlẹ̀. O wá lẹ́ẹ̀kan, o dé láàárọ̀, o lọ nírọ̀lẹ́, o ní iṣẹ́ wà. Láti ìgbà náà, kò sí ibi tí ẹbí ti péjọ tí àbúrò bàbá rẹ kò ní sọ ọ́ kí n gbọ́ pé ajá tí ọkọ̀ pa lójú títì rí ìsìnkú tó sàn ju ti ẹ̀gbọ́n òun lọ.

Dúrótoyè ni mò ń wí. Ọkọ ni ó jẹ́ fún mi nínú ilé, n kò gbọdọ̀ la orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn lójú, láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé mi wọlé ni mo ti ń pè é ní Olówó-orí-mi kékeré. Ṣùgbọ́n inú lẹ́tà nìyí, kò sì sí níbí. Dúrótoyè! Dúrótoyè! Ó dùn lẹ́nu.

Òun náà ló gba pikọ́ọ̀pù bàbá rẹ lọ́jọ́ kẹta ìsìnkú, èyí tí wọ́n fi ń gbọ́ àwo nígbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́, ó ní òun fẹ́ máa fi rántí ẹ̀gbọ́n òun. Ó wá di dandan kí n tọ̀ ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n n kò lè gbé àwo lọ bẹ́ẹ̀ láìtún wọn ṣe. Mo bọ́ gbogbo ọ̀rá tó wà lára wọn tí àwọn tó tà wọ́n fún ọ gbàgbé láti bọ́. Ọ̀kan wà nínú wọn tí ẹ̀jẹ̀ ta sí lára yí ká, mo fi kànìnkànìn àti ọṣẹ Ṣàkírátù fọ̀ ọ́ títí apá fi ń ro mí, ẹ̀jẹ̀ náà kò lọ, mo wá fi àdí pa á, ó sì ń dán bí orí ọmọ tuntun. Mo fi bíìkì kọ orúkọ bàbá rẹ gàdàgbà sí iwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má baà gbé e lọ. Mo rí i pé irú kan jẹ́ méjì, n kò mọ ohun tí ènìyàn ń fi méjì ṣe, mo fi ọ̀kan ta katikíìsì lọ́rẹ. Inú rẹ̀ dùn, ihò àárín rẹ̀ bá ìṣó ògiri rẹ̀ mu wẹ́kú.

Bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ Dúrótoyè, kò kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Nígbà tí ó rí egungun tó ń jẹun, ó dá mi lóhùn. Ó nu pikọ́ọ̀pù, ó gbé àwo lé e, ó sì fi í sí ibi tó ń sáré jù, ọkùnrin inú rẹ̀ wá ń sọ̀rọ̀ bíi katikíìsì wa nígbà tó bá ń ka ìkéde tí òjò sì ń ṣú. Mo ní kó dẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀. Ó dẹ̀ ẹ́. Áà, Ìrètí! Mo ti gbọ́ ẹkún rí o, n kò gbọ́ irú èyí rí. Ọkùnrin náà ń sunkún láti ìsàlẹ̀ ikùn, ohùn rẹ̀ ti há, kò sì fẹ́ kí wọ́n rẹ òun lẹ́kún, bí ó bá dákẹ́ díẹ̀, àwọn onígìtá á tún rán an létí, á sì tún bẹ̀rẹ̀. Onílù rẹ̀ ní tirẹ̀, òjò ńlá lórí páànù ni mo kọ́kọ́ pè é.

Dúrótoyè ní ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń dúńbú. Mo ní Olówó-orí-mi, ẹ má bínú, báyìí ni ẹni tó fẹ́ràn òkú rẹ̀ ṣe ń sunkún, pé nígbà tí ẹ̀gbọ́n yín kú, ẹkún tí ẹ sun kò tó èyí tí àlùbọ́sà ń fún mi lójú ìdáná. Mo rò pé yóò lù mí ni. Ó yí àwo náà sí ẹ̀yìn kejì, ó jókòó, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ mú láàárín eékún títí ó fi parí, nígbà tí mo sì wo ojú rẹ̀, ó ti rin fún omijé. Lọ́jọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló gbé pikọ́ọ̀pù wá sílé wa, ó ní kí a tún gbọ́ ti àwọn tó ń jẹun.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti gbilẹ̀. Mo kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé Ìrètí ti fi orin ránṣẹ́ ṣáájú, pé òun náà ń bọ̀, a ó sì ṣe òkú bàbá rẹ ní Sátidé tó tẹ̀lé ìkórè. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ọ. Ọ̀gá akọrin wá gbọ́ àwo náà, ó ní ohùn báàsì tí òun ti ń wá láti ìgbà tí wọ́n ti fi òun jẹ oyè nìyí. Katikíìsì bi í pé kí ni àwọn ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ń wí, ó ní Látìnì ni, gbogbo wa sì ṣe àmín. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀, àwọn ewúrẹ́ á fo odi. Àwọn báàsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè sọ̀rọ̀ mọ́, ìyàwó ọ̀kan sọ fún mi pé ilé àwọn kò tòrò tó báyìí rí. Ìwọ kò sì lè mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n jù: Dúrótoyè! Aáṣáà tó ti ń lò láti ìgbà èwe ti pèsè ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ sílẹ̀ fún orin yìí láìmọ̀. Ẹni tí kì í wọ ṣọ́ọ̀ṣì àfi nígbà ìgbéyàwó, òun ló ń dá, tí gbogbo akọrin ń gbè é.

Adélékan ló fi pọ́táàbù ya gbogbo rẹ̀ tó fi ránṣẹ́ sí ọ. O sì pè mí. O kígbe, Ìrètí, o kígbe débi pé mo gbé pọ́táàbù jìnnà sí etí, mo sì sọ fún àwọn ìyá ìjọ tó wà lọ́dọ̀ mi pé kí wọ́n gbọ́, pé bí ọmọ ṣe ń sunkún bàbá rẹ̀ nìyẹn, ohùn náà sì jọ ti inú àwo. Ọ̀rá ni o ń bi mí ṣáá. Ọ̀rá dà, ọ̀rá dà. Mo ní ọ̀rá wà lọ́dọ̀ Ṣàkírátù, ó ti fi wé ọṣẹ. Ńṣe ni o gé pọ́táàbù mọ́ mi létí.

Nígbà tó yá, Àánúolúwapọ̀ tí ẹ jọ kàwé ní Pọ́bẹ̀, tó ti ń ṣe olùkọ́ nílé ẹ̀kọ́ wa báyìí, yà wá kí mi. Ó rí àwọn àwo náà lórí tábìlì, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí, ó ní Màmá, kí lẹ ṣe? Òun ló sọ òótọ́ fún mi. Ó ní kì í ṣe ẹgbẹ́ ìsìnkú kankan. Ó ní àwọn ọmọ òyìnbó onírun gígùn ló kọ orin náà nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, ikú ni wọ́n fi ń ṣeré bí àwọn mìíràn ṣe ń fi ìfẹ́ ṣeré, àti pé àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ a máa kó o jọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń kó aṣọ jọ sínú àpótí, èyí tí ọ̀rá kò tíì kúrò lára rẹ̀ ló sì níyì jù. Mo bi í bóyá nǹkan kan kan bàbá rẹ nínú gbogbo rẹ̀. Ó ní rárá. Mo bi í bóyá o ti dá ọjọ́ tí o máa wálé fún un. Ó wo ilẹ̀, ó ní rárá.

Ìrètí, ó dùn mí. N kò ní fi ẹ̀rín bò ó. Mo ti dúró láàárín ìjọ, mo ti fi ọ́ yangàn, mo ti sọ fún ibojì bàbá rẹ pàápàá pé ọmọ rẹ̀ ń bọ̀. Ọjọ́ náà n kò lè jẹun. Mo kó gbogbo àwo padà sínú páálí, mo sọ lọ́kàn mi pé kí Adélékan gbé wọn lọ bá ẹni tó ni wọ́n, kí n sì lọ bá ọ̀gá akọrin kó sọ fún àwọn ènìyàn rẹ̀ kí wọ́n lọ tọ́jú ọ̀nà ọ̀fun wọn.

Àánúolúwapọ̀ ti dìde pé òun ń lọ. Mo wá bi í lọ́rọ̀ kan tó ṣì ń jẹ mí lọ́kàn. Mo ní bó bá jẹ́ orin lásán ni, tó sì ti gbó, kí ló dé tí wọ́n fi ń tún un ṣe? Ó rò ó, ó ní nítorí pé àwọn tó ṣe é kò rí iyì nígbà náà ni, wọ́n ṣe é pẹ̀lú ohun díẹ̀ tó wà lọ́wọ́ wọn, àwọn tó fẹ́ràn wọn wá ní rárá o, kò ní parun báyẹn. Ó ní wọ́n á lọ wá ohùn àtijọ́ náà jáde, wọ́n á fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n á ṣe ẹ̀wù tuntun fún un, wọ́n á kọ orúkọ gbogbo ẹni tó lọ́wọ́ sí i sínú. Ó ní ìwọ Ìrètí mọ gbogbo orúkọ wọn lórí, pé o mọ ti onílù kan tó ti kú pàápàá, pé lọ́dọọdún ni o máa ń rántí ọjọ́ tó kú.

Mo ní ẹ̀n-ẹ́n! Kí wá ni mo sọ tó yàtọ̀?

Ọmọ mi, má bínú sí mi, ṣùgbọ́n gbọ́. O mọ ọjọ́ tí onílù òyìnbó kú. O ń fi ojú oorun dúró de àwo rẹ̀. Orúkọ tìrẹ gan-an, ta ló di ọwọ́ rẹ mú tí o fi kọ́kọ́ kọ ọ́ sára wàláà? Àwọn àwo wọ̀nyẹn, ọ̀ọ́dúnrún ni wọ́n ṣe, bí mo bá ba ọ̀kan jẹ́, ẹnì kan ṣì ní òmíràn níbì kan. Bàbá rẹ, ẹyọ kan ni.

Nítorí náà n kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Àwọn akọrin ṣì ń kọ́ Látìnì wọn. Dúrótoyè ti ní òun á mú màlúù wá, òun tí kò fún wa ní ìyẹ́ adìyẹ nígbà kòrónà, n kò sì fẹ́ kó gbọ́ òótọ́ kó tó so màlúù náà mọ́lẹ̀. Katikíìsì ti bá fàǹfáà sọ̀rọ̀. Ìwọ nìkan ló kù. Sátidé tó tẹ̀lé ìkórè ni. Sọ fún ọ̀gá rẹ ní bíró pé òkú bàbá rẹ ni, bí kò bá gbà, jẹ́ kó bá mi sọ̀rọ̀ lórí pọ́táàbù, màá kí i títí yóò fi gbà.

A nílò sìmẹ́ǹtì fún ibojì, nítorí òjò ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀. A nílò aṣọ funfun, àti oyin fún àwọn báàsì. N kò dá iye kan lé ọ lórí, ohun tí o bá mọ̀ pé ó yẹ ọmọ tó lè ra egungun tó ń jẹun ni kí o mú wá. Mo ní mú wá. Má fi sínú pọ́táàbù, n kò fẹ́ owó tó dá rìn wálé nígbà tí ẹni tó ni ín jókòó sí Kútọnu.

Adélékan tún wá lánàá, ó ní o ti san owó ọkọ̀ páálí, pé kí n gbé e fún òun. Mo fún un ní ẹ̀kọ, ó jẹ, mo fún un ní omi, ó mu, mo ní kó máa lọ. Páálí wà nínú yàrá mi, ó nàró bí o ṣe wí, oòrùn kò kàn án, omi kò kàn án. Mo ti ní kí katikíìsì yọ tìrẹ kúrò lára ìṣó, ó ń bínú díẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó ni ẹrù ni màá gbé ẹrù lé, kò sí ẹlòmíràn.

Kí Ọlọ́run olùkọ́ Ayọ̀délé ṣí ọ̀nà fún ọ láti Agblangandan títí dé ẹnu ọ̀nà wa. Kí táyà má fọ́. Kí o má pàdé ẹni tó máa dá ọ padà. Ọmọ tí ìwọ náà á bí, kò ní jẹ́ kí wọ́n fi ìkánjú gbé ọ sílẹ̀. Ìwọ kò ní sin mí tán láìpẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tó bá yá, ìwọ ni yóò sin mí, ojú mi á sì rí ọ kó tó di ìgbà náà.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ọlábísí.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé. Ìdérí ìkòkò ẹ̀kọ mi ti fọ́. Mo wá nǹkan tó ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ káàkiri ilé, mo sì ti rí ọ̀kan nínú páálí. Ooru ẹ̀kọ ti ń mú kó tẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. N kò ní sọ fún ọ èwo ni. Tètè máa bọ̀.